Orúkọ Tí Mo Fi Ń Yẹ Orí Mi Wò

Bí ẹ bá ti fi orí gbá nǹkan rí, tí dókítà yẹ̀ yín wò tó ní kò sí nǹkan kan, tí ẹ sì délé tí ẹ kò lè sùn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, kó gba ọsibítù lọ kíákíá, kó má jókòó ka ohun tí mo kọ. Àwa tí orí wa kò ṣe nǹkan kan, àmọ́ tí ọkàn wa kọ̀ láti gbà bẹ́ẹ̀, àwa ni mo kọ ọ́ fún.

Ràfíátù ni orúkọ mi. Accra ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá mi sí, síbẹ̀ Aláta, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, ni gbogbo ọjà ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ọjà Okaishie ni mo ti ń ta wáyà, gílóòbù, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti àwọn nǹkan iná mìíràn, nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ẹnu mi kì í dákẹ́. Àwọn oníbàárà mi máa ń sọ pé àwọn wá ra wáyà, àwọn sì gba ìtàn lọ sílé ní ọ̀fẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé èmi yìí lo oṣù gbọọrọ láìpa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ẹ̀rù náà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi. Orí Ma Dédé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ma Dédé jẹ́ ará Gà, ìkòkò àti abọ́ ló ń tà ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tèmi, a sì ti ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa láti ìgbà tí àwa méjèèjì ṣì tẹ́ẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn irin tí wọ́n ń ká sókè ni gbogbo wa ní níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, a ó fà á wálẹ̀ dé ìdajì kí oníbàárà má bàa tún wọlé, a ó to ọjà wa, a ó wá bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Gbogbo ará Okaishie ló mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n nàró. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ma Dédé tètè nàró. Irin náà dún gbàù. Mo ní, "Ei, Ma Dédé, kosẹ o!" Bí a ṣe ń kíni kú ewu nìyẹn níbí. Ó fi ọwọ́ ra orí, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Aláta, fi mí sílẹ̀. Orí àwa ará Gà le ju irin lọ."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì ó ní orí ń fọ́ òun, ó gbé oògùn mì, ó ní oòrùn ni. Ó bì nílé, àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé ibà ni. Ó sùn, kò sì jí mọ́. Wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ẹ̀jẹ̀ ti ń jò díẹ̀díẹ̀ nínú orí rẹ̀. A wọ aṣọ pupa àti dúdú lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo sì ń wo ẹsẹ̀ ara mi jálẹ̀, torí mi ò lè gbójú sókè wo àwọn ọmọ náà. Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí títí di òní. Ẹlòmíràn ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà báyìí, ó níwà, àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni èmi náà fi orí gbá ilẹ̀kùn tèmi. Kò tilẹ̀ wú. Kò bó. Àmọ́ bí irin náà ṣe dún, àyà mi já wálẹ̀ sí ikùn. Mo jókòó sórí páálí wáyà, mo ń gbọ́ ohùn Ma Dédé létí mi.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Lónìí ó wà níwájú, lọ́la ó wà ní ìpàkọ́. Bí mo bá dìde, ojú mi á ṣú. Mo ń wo ẹyinjú mi nínú dígí bóyá ọ̀kan tóbi ju ìkejì lọ, débi pé ojú náà pọ́n, mo sì tún ń bẹ̀rù pípọ́n rẹ̀. Ìka mi kò kúrò lórí mi. Mo tẹ ojú ibẹ̀ títí ó fi ń dùn mí lóòótọ́, mo sì ní, ẹ ò rí i, ó ń dùn mí.

Mo lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlà ọsibítù wa, ẹ mọ̀ pé a kì í dúró, ìdí la fi ń wọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Bí ẹni iwájú bá wọlé, gbogbo wa á sún díẹ̀. Obìnrin tó gbé ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo ní mo fi orí gbá irin. Ó wo orí mi yí ká, ó wá ọgbẹ́ títí, kò rí i. Ó ní, "Ìgbà wo?" Mo ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Ààá," ó sì sún jìnnà sí mi díẹ̀, bí ẹni pé ohun tó ń ṣe mí lè ran ọmọ rẹ̀. Ní tòótọ́, òun gan-an ló mọ ohun tó ń ṣe mí ṣáájú èmi.

Dókítà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan, kò ju ọmọ mi lọ. Ó ní kí n fi ojú tẹ̀ lé ìka òun, kí n di ọwọ́ òun mú, kí n rìn lọ kí n rìn bọ̀. Ó ní, "Màámi, orí yín dára." Ó sì sọ ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mọ̀ dáadáa. Ó ní, "Bí ẹ bá ń bì léraléra, bí oorun bá gbé yín lọ débi pé wọn ò lè jí yín, bí orí fífọ́ náà bá ń le sí i ṣáá, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ padà wá lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀kan nínú wọn, ẹ lọ máa ta ọjà yín."

Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí mo gbà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò bá mi dé ìrọ̀lẹ́. Mo lọ sí ọsibítù mìíràn, mo san owó tí mo fẹ́ fi ra ọjà, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí mi. Ó mọ́ kedere. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, títí mo fi ń sọ̀kalẹ̀ nínú trótró, ọkọ̀ elérò wa, tí mo sì fi orí gbá òrùlé rẹ̀. Ta ni kò tíì fi orí gbá òrùlé trótró rí ní Accra? Àwọn èrò tó kù ò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò. Èmi dúró lẹ́bàá títì, mò ń fi ìka tẹ orí mi. Ní ọkàn mi, àwòrán tí wọ́n yà ti di ti àná, orí tí mo gbé dúró síbẹ̀ ti di orí tuntun.

Ẹbí wá gbé ọ̀rọ̀ mi rù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ àáfà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Nima, gbé omi tó fi fọ tàdáwà ara wàláà wá nínú ìgò. Ó ní, "Ràfíátù, mu ún pẹ̀lú ìgbàgbọ́, má mu ún bí oògùn lásán." Ìyàwó àbúrò mi tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì gbé òróró àdúrà wá, ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí àáfà mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọjà gbé àgúnmu wá, ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Tàdáwà wà nínú mi, òróró ń dán lórí mi, àgúnmu sì ń mú mi sín. Mi ò bínú sí wọn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì dùn mọ́ mi pé mo ní ẹni tó lè yọ mí lẹ́nu báyẹn. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kó nǹkan wá ni ẹ̀rù mi ń pọ̀ sí i, torí mo ń sọ nínú ara mi pé, bí kò bá sí nǹkan kan, kí ni gbogbo wọn ń sá sí?

Èyí tó burú jù ni ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé wá. Kí ó lè yé yín, mo ní láti mú yín padà sí agboolé wa ní àdúgbò Tudu, nígbà tí ìyá bàbá mi ṣì wà láyé. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ló máa ń jókòó sí lórí àpótí kékeré, òórùn òrí àti káńfọ̀ ló máa ń wà lára rẹ̀. Àwa ọmọdé ń sáré kiri láti òwúrọ̀: lórí ògiri, lábẹ́ ọkọ̀, lórí àwọn àpò ọjà tí ìyá Hausa kan ń kó jọ. Kò sí ọjọ́ tí orí ẹnìkan kò ní gbá nǹkan. Bí ẹkún bá ti sọ, Ìyá Àgbà á kígbe pé, "Gbé e wá!" Wọn á gbé ọ sórí itan rẹ̀. Yóò ká etí ìró rẹ̀ jọ, yóò fẹ́ èémí gbígbóná sí i, yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó wú. Lẹ́yìn náà ló máa ń bèèrè.

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọmọ Yẹkíní."

"Ta ló bí Yẹkíní?"

"Sàláwù."

"Ta ló bí Sàláwù?"

"Àlàó."

"Àlàó wo?"

"Àlàó tó kọ́kọ́ dé, tó ń kiri ọjà wẹ́wẹ́."

"Ta ló bí i?"

"Oyèlékè, ará Ìnísà, tí kò kúrò nílé."

Yóò wá ní, "Ó tó," yóò sì fi ẹ̀pà tí wọ́n fi ṣúgà dì sí ọ lẹ́nu. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, adùn ẹ̀pà náà wà lẹ́nu mi. Mo máa ń wò ó pé kò sí ibi tó dára tó itan yẹn ní gbogbo Accra. Nígbà mìíràn mo máa ń ṣubú láì ṣubú.

Nígbà tí mo dàgbà, mo rò pé mo mọ ohun tí Ìyá Àgbà ń ṣe. Mo ní dókítà tí kò wọ aṣọ funfun ni. Ó ń wò ó bóyá ọpọlọ ọmọ ti mì, bóyá ọmọ ṣì mọ ẹni tó jẹ́. Ìgbà tí ẹ̀rù wá mú mi, mo sọ orúkọ wọ̀nyẹn di òṣùwọ̀n. Yẹkíní, Sàláwù, Àlàó, Oyèlékè. Bí mo bá kà wọ́n pé, orí mi dára. Mo ń kà wọ́n bí mo bá ń wọn wáyà fún oníbàárà, bí mo bá ń ro banku, òkèlè àgbàdo wa, bí mo bá jókòó sórí ẹní ìkírun. Bí mo bá kà á tán, ara mi á rọ̀ wẹ́rẹ́, kò sì ní pẹ́ tí mo fi gbọ́dọ̀ tún un kà. Hábíbà ọmọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, tó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, á máa wò mí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ei, Mummy! Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Mò ń gbàdúrà ni."

"Àdúrà yìí ti pọ̀ o."

Díẹ̀díẹ̀ mo dẹ́kun lílọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò lè gba abẹ́ irin náà mọ́. Onílé ti ń mú àwọn èèyàn wá wò ó, wọ́n dúró níta, wọ́n ń fi ojú wọn ìbú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi fi sílẹ̀ sí mi lọ́wọ́, tí ariwo rẹ̀ kún ìgbà èwe mi, mo fẹ́ fi sílẹ̀ nítorí irin ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ dé góńgó, trótró ni mo wà, mò ń lọ sí Circle láti lọ bẹ onílé náà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọmọ Yẹkíní. Yẹkíní ọmọ Sàláwù. Sàláwù ọmọ... Kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Sàláwù ọmọ... Òógùn bò mí. Èmi tí mo ti ń pe orúkọ yìí láti kékeré! Mo ní ó ti dé, ẹ̀jẹ̀ ti ń jò. Bí ọkọ̀ ṣe dúró ní Circle, mo sọ̀kalẹ̀, mo ṣubú lé bẹ́ǹṣì obìnrin kan tó ń ta àpò fóònù.

Ó ní, "Maame, kí ló dé?"

"Mo gbàgbé orúkọ kan."

"Orúkọ ta ni?"

"Bàbá bàbá bàbá mi."

Obìnrin náà wò mí títí. Ó ní, "Ei, Maame! Èmi ò mọ ti bàbá bàbá mi gan-an, mo sì ń tajà mi." Ó fún mi ní omi inú ọ̀rá, ó bá mi pe Hábíbà lórí fóònù. Ká ní ara mi yá ni, ǹ bá ti bú sẹ́rìn-ín.

Hábíbà gbé mi lọ sí ọsibítù, ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin dókítà àkọ́kọ́ yẹn. Ó yẹ̀ mí wò látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àga rẹ̀ súnmọ́ mi, ó ní, "Màámi, orí yín kọ́ ló ń ṣàìsàn, ẹ̀rù yín ni. Ẹ̀rù yẹn náà àìsàn ni, kì í ṣe ìwà òmùgọ̀, a sì máa ń tọ́jú rẹ̀." Ó júwe obìnrin kan fún mi ní ọsibítù náà tó máa ń bá irú wa sọ̀rọ̀. Ó ní bí ọkàn mi bá ní kí n yẹ orí mi wò, kí n sún un síwájú díẹ̀, lọ́la kí n sún un díẹ̀ sí i. Ó ní kí n má wá orúkọ tó sọnù náà rárá.

Èmi wá a. Etí mi le. Mo gba Dansoman lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Síkírá, àbúrò bàbá mi obìnrin, ọmọ ìkẹyìn Ìyá Àgbà. Ó ti dàgbà gan-an, ẹsẹ̀ ń dùn ún, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún tèmi. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Àlàó ni," ó ní, kò tilẹ̀ ronú. "Ṣé torí ìyẹn lo ṣe rù báyìí?"

"Àǹtí, Ìyá Àgbà ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi orí gbá nǹkan, orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń yẹ orí wa wò."

Àǹtí Síkírá wò mí, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò. "Ta ló sọ ìyẹn fún ẹ? Ìyá mi tó ń gbàgbé Àlàó fúnra rẹ̀! Ìgbà mìíràn á fo Sàláwù, ọkọ ara rẹ̀, torí wọ́n jà láàárọ̀. Ìgbà mìíràn o ó pe Oyèlékè ṣáájú, kò ní sọ nǹkan kan. Ṣé ó bá ẹ wí rí pé o ṣì í pè?"

Mo ronú. Kò bá mi wí rí.

"Ràfíátù, ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí síbí, ẹ kì í jókòó. Twi lẹ ń sọ, Gà lẹ ń sọ, Hausa lẹ fi ń ṣeré. Ìyá mi ń bẹ̀rù pé ẹ ó gbàgbé ibi tí ẹ ti wá. Ìgbà tí ẹ bá ṣubú nìkan lẹ ń jókòó sórí itan rẹ̀, ìgbà náà ló ń rí yín mú. Ọmọ tó ń dáhùn ọ̀rọ̀ kò sì lè ráyè sunkún. Gbogbo ohun tó ń ṣe kò ju ìyẹn lọ. Orí yín ò jẹ ẹ́ lógún. Orí yín le."

Mo sunkún níbẹ̀, ojú ò tì mí. Gbogbo oṣù yẹn, ìbéèrè nìkan ni mo rántí. Mo ti gbàgbé ọwọ́. Ọwọ́ Ìyá Àgbà kò kúrò lórí mi láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ẹ̀pà, yálà mo pè é bó ṣe yẹ tàbí mo ṣì í pè. Ohun tí ó fi tù mí nínú ni mo sọ di ẹjọ́ tí mò ń ro fún ara mi láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Mi ò ní tàn yín pé mo jáde ní Dansoman, mo sì ti dá ṣáṣá. Mo lọ bá obìnrin ọsibítù yẹn sọ̀rọ̀ léraléra. Ó kọ́ mi bí mo ṣe lè jẹ́ kí ẹ̀rù dé, kó jókòó, kó sì lọ, láìfọwọ́ kan orí mi. Ó le lákọ̀ọ́kọ́. Mo lọ bá onílé, mo ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi kò tíì ṣófo. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ irin náà jáde. Nígbà míì, tí orí bá fọ́ mi, ẹ̀rù náà ṣì máa ń yọjú. Mo wo ohun tí dókítà ní kí n wò, mi ò rí i, mo sì padà sídìí ọjà mi. Ẹ̀yin tí tiyín ṣì le, ẹ lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ sì má ṣe bí Ma Dédé: èyí tó bá tó lọ sí ọsibítù, ẹ gbé e lọ.

Láìpẹ́ yìí, Hábíbà yà sí ṣọ́ọ̀bù láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ kó lè bá mi palẹ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ wà lórí fóònù bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Irin náà dún gbàù, ohùn kan náà gan-an. Gbogbo ara mi dúró. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní kó rìn, ó rìn. Kò sí ọ̀kan nínú ohun tí dókítà kà fún mi. Mo mú un jókòó sórí páálí wáyà, mo ká etí ìró mi jọ, mo fẹ́ èémí sí i, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí rẹ̀.

"Mummy, kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀."

"Dákẹ́. Ọmọ ta ni ẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Ràfíátù, Aláta Okaishie."

"Ta ló bí Ràfíátù?"

"Yẹkíní."

"Ta ló bí Yẹkíní?"

"Sàláwù."

"Ta ló bí Sàláwù?" Mo bèèrè, mo sì dúró, torí èmi fúnra mi wá orúkọ náà, mi ò rí i. Àyà mi kò já.

"Àlàó," ọmọ mi tí Yorùbá kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ ló sọ ọ́. "Àlàó tó kọ́kọ́ dé. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń pè é káàkiri ilé nígbà tára yín ò yá, Mummy. Mo ti mọ gbogbo wọn tán."

Mo ní, "Ó tó." Mi ò tíì gbé ọwọ́ mi kúrò lórí rẹ̀.